Kílọ́ọ̀ṣì Tó Ń Dààmú Ẹni Lẹ́yìn Tí Gíábọ́ọ̀sì Ti Padà Sípò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọkọ̀ onígíà ọwọ́ tí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sì ti gbé e padà ni gbogbo ìbéèrè yìí dá lé. Kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀yà tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tó sì ń já wọn kúrò lára ara wọn bí a bá tẹ pẹ́dàlì. Bó bá jẹ́ pé ó ti ń yọ yín lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì, àwọn ìdáhùn kan níbí lè má bá tiyín mu.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò kí n tó tún sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀?

Ohun tó wà níta ni. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì yín ń lò (àwọn mìíràn ń lo kébù), ẹ wo ọ́ìlì inú ike rẹ̀, bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Ẹ wo ẹnu kébù tàbí ọ̀pá sílíńdà ìsàlẹ̀ (èyí tó wà lára gíábọ́ọ̀sì, tí ọ́ìlì ń tì), bóyá ó jókòó sójú ihò rẹ̀ lára fọ́ọ̀kì, ìyẹn apá irin tó ń já kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dàlì, kí ẹlòmíì máa wo fọ́ọ̀kì: ṣé ó ń rìn, báwo ló sì ṣe ń rìn tó? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yí ẹnu gíábọ́ọ̀sì ká, kí ẹ rí i dájú pé ó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì láìsí àlàfo níbì kankan. Tí ọkọ̀ bá wà lókè, orí sítáǹdì ni kó jókòó sí. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Kílọ́ọ̀ṣì tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tú u, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dì í, ẹ̀yà rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́. Ohun kan ni wọ́n gbàgbé, tàbí tí wọ́n dì sódì. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó lọ ra ẹ̀yà mìíràn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì ò já ni, tàbí ó ń yọ̀?

Kílọ́ọ̀ṣì tí kò já ni èyí tí ẹ tẹ pẹ́dàlì rẹ̀ kanlẹ̀, síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí gíábọ́ọ̀sì. Gíà á máa ké tàbí kó kọ̀, kò ní wọlé. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ni èyí tí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì rẹ̀, tí ẹ tẹná, tí ariwo ẹ́ńjìnnì ga sókè ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò bá ariwo náà sáré. Òdìkejì ara wọn ni àwọn méjèèjì, ohun tó ń wo ọ̀kan sàn kì í wo èkejì.

Láti mọ̀ bóyá ó já: ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí gíà wà ní fíríì, ẹ tẹ pẹ́dàlì kanlẹ̀, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ wá fi gíà sí rífáàsì. Bó bá wọlé jẹ́jẹ́, ó já. Bó bá ké, kò já tán. Rífáàsì la yàn nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì, kò ní síńkíró (ẹ̀yà tó ń mú kí gíà wọlé jẹ́jẹ́) tó lè bá kílọ́ọ̀ṣì bo àṣírí.

Láti mọ̀ bóyá ó ń yọ̀: ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò sí níwájú ọkọ̀, ẹ fa búréèkì ọwọ́ dáadáa, ẹ fi gíà sí kẹta tàbí kẹrin, kí ẹ wá máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, ẹ má ṣe é léraléra, ẹ ó jó o ni.

Gíà ń wọlé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, àmọ́ kò wọlé mọ́ bó bá ti tàn. Kí ló fà á?

Kílọ́ọ̀ṣì ni kò já. Gíábọ́ọ̀sì ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Bí gíà kò bá wọlé rárá, ẹ́ńjìnnì tàn o, ẹ́ńjìnnì kú o, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ lọ wo kébù tàbí ọ̀pá tó so ọwọ́ gíà mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Nínú ọkọ̀ tó ń lo kébù méjì, ọ̀kan ló ń darí gíà sósì àti sọ́tùn-ún, èkejì ló ń tì í síwájú àti sẹ́yìn. Bí a bá gbé wọn fún ara wọn, tàbí tí a kò tún gígùn wọn ṣe, gíà kan á wọlé, òmíràn á sá.

Pẹ́dàlì wọlẹ̀ tán, kò sì padà sókè. Ṣé sílíńdà ti bàjẹ́ ni?

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí wọ́n bá ti tú páìpù tàbí sílíńdà ìsàlẹ̀ nígbà iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí a bá tì í, afẹ́fẹ́ a máa fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń wọlẹ̀ tí fọ́ọ̀kì ò fi mira.

Bí a ṣe ń yọ ọ́ nìyí. Ẹ bu ọ́ìlì kún ike. Kí ẹnì kan tẹ pẹ́dàlì lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó sì fi ẹsẹ̀ dì í mú níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ tú nípù (ẹnu kékeré tí a fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára sílíńdà ìsàlẹ̀) díẹ̀, kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde gba inú rọ́bà tí ẹ ti fi ẹnu rẹ̀ sínú ọ́ìlì nínú ìgò kan. Ẹ ti nípù pa *kí* ẹni tó wà lókè tó gbé ẹsẹ̀. Bí pẹ́dàlì ò bá dá padà fúnra rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ gbé e. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tí hóró afẹ́fẹ́ ò fi ní jáde mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ike gbẹ láàárín iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó padà sí.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ike kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì jọ ń lò, ihò ti kílọ́ọ̀ṣì sì máa ń wà lókè ju ti búréèkì lọ, kí búréèkì lè ṣẹ́kù bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń jò. Nítorí náà, ọ́ìlì lè ṣì wà nínú ike lójú yín kí kílọ́ọ̀ṣì sì ti máa fa afẹ́fẹ́.

Irú ọ́ìlì wo ló yẹ kí n lò?

Èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì búréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni. Ẹ má ṣe bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé: rọ́bà inú sílíńdà á wú, ẹ ó sì pààrọ̀ tòkè tìsàlẹ̀. Ọ́ìlì búréèkì a máa bó ọ̀dà, nítorí náà bó bá ta sí ara ọkọ̀, ẹ tètè fi omi ṣàn án.

Mo ti yọ afẹ́fẹ́ títí ó fi sú mi, síbẹ̀ pẹ́dàlì ṣì rọ̀.

Ẹ fọ́n pẹ́dàlì, ìyẹn ni pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀, bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kíákíá, kí ẹ wá gbìyànjú gíà. Bó bá wọlé lẹ́yìn fífọ́n, tí kò sì wọlé láìfọ́n, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbì kan. Ibi tó sábà máa ń sá pamọ́ sí ni sílíńdà ìsàlẹ̀ tí nípù rẹ̀ kò sí lókè pátápátá. Ẹ tú sílíńdà yẹn kúrò lára gíábọ́ọ̀sì láìtú páìpù rẹ̀, ẹ gbé e kí nípù kọjú sókè, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ á gun páìpù lọ sókè, ẹ ó sì rí i tó ń hó nínú ike. Ẹ má tẹ pẹ́dàlì nígbà tí sílíńdà wà lọ́wọ́ yín, inú rẹ̀ á fò jáde.

Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ di pẹ́dàlì mú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín tí ọ́ìlì ò sì jò níbì kankan, rọ́bà inú sílíńdà òkè (èyí tí pẹ́dàlì ń tì) ti jẹ, ọ́ìlì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà. Rọ́bà páìpù tó ti gbó náà a máa wú bí bàlúùnù bí a bá tẹ pẹ́dàlì, kí ẹnì kan di í mú kó sì wò ó.

Sílíńdà tèmi wà nínú gíábọ́ọ̀sì, ó yí ṣáàfù (ọ̀pá tó ń gbé agbára wọ gíábọ́ọ̀sì) ká. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ púpọ̀. Irú èyí, sílíńdà àti rílíìsì bíárìnnì (bíárìnnì tó ń já kílọ́ọ̀ṣì bí a bá tẹ pẹ́dàlì) jọ di ọ̀kan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ pẹ́dàlì kí gíábọ́ọ̀sì tó padà sípò, kò sí ohun tó máa dá a dúró, ó lè jáde kọjá ibi tó yẹ, kí rọ́bà rẹ̀ sì ya. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ni yóò máa jò sí, ẹ lè má rí i níta títí ọ́ìlì á fi máa kán láti ìsàlẹ̀ ẹnu gíábọ́ọ̀sì. Bí ọ́ìlì bá ń dínkù nínú ike tí ẹ ò rí ibi tó ń lọ, ẹ wo ibẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ pẹ́dàlì, torí sílíńdà òkè náà a máa jò sínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí ohun mìíràn, èrò tèmi ni pé kí ẹ pààrọ̀ sílíńdà yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe láti tún padà dé ibẹ̀.

Kébù ni tèmi ń lò. Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?

Ó yẹ kí pẹ́dàlì ní àlàfo díẹ̀ lókè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníkébù, àlàfo yẹn máa ń wà láàárín mílímítà 15 sí 25, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì ò ní já tán. Bí kò bá sí rárá, bíárìnnì á máa fara kan ìka sípíríǹgì (àwọn ahọ́n irin tó ń tì láti já kílọ́ọ̀ṣì) nígbà gbogbo, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀. Ẹ tún wo ojú ọ̀nà kébù: bó bá ká bí ejò tàbí tó ń fara kan ibi gbígbóná, pẹ́dàlì á le.

Gíábọ́ọ̀sì ò wọlé tán, ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ṣé kí n fi bóòtù fà á wọlé?

Rárá o. Èyí ni àṣìṣe tó ń ba nǹkan jẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí gíábọ́ọ̀sì bá wọlé dáadáa, ọwọ́ lásán lẹ ó fi tì í lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ bóòtù kò ju kó dì í mú lọ. Bí ẹ bá fi bóòtù fà á, etí gíábọ́ọ̀sì lè kán, nítorí álúmíníọ̀mù ni, tàbí kí àárín díìsì, ìyẹn àwo inú kílọ́ọ̀ṣì tí ṣáàfù ń wọ̀, tẹ̀. Díìsì tí àárín rẹ̀ tẹ̀ ò ní já mọ́ láé.

Ẹ fà á sẹ́yìn kí ẹ wá ìdí. Lákọ̀ọ́kọ́, díìsì lè má sí láàárín gbùngbùn. Ẹ tú bóòtù puréṣọ̀ puléètì (àwo irin tó ń tẹ díìsì mọ́ ẹ́ńjìnnì) díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá atọ́nà tó máa ń bá díìsì tuntun wá gbé e sí àárín, kí ẹ tó dì í padà. Èkejì, eyín ṣáàfù àti eyín díìsì lè má bára mu lójúkojú: ẹ fi gíábọ́ọ̀sì sí gíà kan, kí ẹ fi ọwọ́ yí ibi tí ọ̀pá táyà ń wọ̀ ọ́ díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tì í. Ẹ̀kẹta, gíábọ́ọ̀sì lè tẹ̀ sísàlẹ̀. Àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, jáàkì ni kó gbé e, kì í ṣe ṣáàfù. Kò yẹ kí gíábọ́ọ̀sì fi ṣáàfù rọ̀ sára díìsì, kódà fún ìgbà tí ẹ fẹ́ fi mu omi.

Ẹ tún wo bóyá wáyà iná tàbí páànù pẹlẹbẹ kan há sáàárín. Kí ẹ sì wá dọ́wẹ̀lì, ìyẹn píìnì kéékèèké tó máa ń tọ́ ẹnu méjèèjì sọ́nà. Wọ́n sábà máa ń ṣubú sílẹ̀ nígbà tí a bá ń tú u, ẹnikẹ́ni ò sì ní rántí wọn. Láìsí wọn, bóòtù lè mú tán kí gíábọ́ọ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìyẹn ni yóò fa gbígbọ̀n àti bíárìnnì tí kì í pẹ́.

Ṣé díìsì ní iwájú àti ẹ̀yìn?

Ó ní. Lára ọ̀pọ̀ díìsì, wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọjú sí fúláíwíìlì (àwo irin ńlá tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì) sí i lára. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ tí ibi sípíríǹgì àárín rẹ̀ yọ síta ló sábà máa ń kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Bí a bá dì í sódì, àárín rẹ̀ lè máa gbá orí bóòtù fúláíwíìlì, kílọ́ọ̀ṣì ò ní já, ẹ ó sì gbọ́ ìró irin. Kò sí ọ̀nà àbùjá, ẹ ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Kílọ́ọ̀ṣì tuntun ni, ó sì ti ń yọ̀.

Ẹ rántí bóyá ẹ nu ọ̀rá kúrò lójú puréṣọ̀ puléètì àti fúláíwíìlì. Wọ́n máa ń fi ọ̀rá pa ẹ̀yà tuntun kó má baà dógùn-ún. Ẹ wo bóyá gíríìsì tí ẹ fi sí eyín ṣáàfù pọ̀ jù: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ń fi í, a sì ń nu èyí tó ṣẹ́kù, torí bí ṣáàfù bá ti ń yí, èyí tó pọ̀ jù á fò sójú díìsì. Bí ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) ti ẹ́ńjìnnì tàbí ti gíábọ́ọ̀sì bá ń jò, ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì yóò dé. Díìsì tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ kì í pẹ́ kó tó padà síbi tó wà.

Bó bá ń rùn díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò sì yọ̀, ẹ fara balẹ̀. Díìsì tuntun nílò kó mọ ojú fúláíwíìlì. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ fún bíi kìlómítà 500 sí 1,000, láìfi ọkọ̀ fa ẹrù.

Ariwo ń dún. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti ń wá?

Pẹ́dàlì ni yóò sọ fún yín. Bí ariwo bá ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀, tó sì dákẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, bíárìnnì ṣáàfù inú gíábọ́ọ̀sì ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹ gbàgbé láti bu ọ́ìlì gíà padà (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣẹlẹ̀). Bó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, rílíìsì bíárìnnì ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí pẹ́dàlì kanlẹ̀, tí ọkọ̀ dúró sínú gíà nìkan ló ń dún, páílọ́ọ̀tì bíárìnnì ìdí fúláíwíìlì ni, bí ọkọ̀ yín bá ní i; kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní i.

Bí ìró irin bá ń dún láìdábọ̀, pẹ́dàlì wà lókè o, ó wà nísàlẹ̀ o, ẹ wo páànù tó bo ìdí fúláíwíìlì. Ó rọrùn kó tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé gíábọ́ọ̀sì wọlé.

Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí mo bá fẹ́ gbéra.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí síìtì ẹ́ńjìnnì àti ti gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó gbé wọn dúró: ṣé wọ́n di gbogbo bóòtù wọn padà, ṣé rọ́bà wọn ò já? Bí ìyẹn bá dára, ọ́ìlì lójú díìsì tàbí fúláíwíìlì tí ojú rẹ̀ ti jóná tí kò sì tẹ́jú mọ́ ló kù. Bóòtù puréṣọ̀ puléètì náà ní bí a ṣe ń dì í: díẹ̀díẹ̀ ni, kí ẹ máa kọjá sí òdìkejì lẹ́yìn bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi sípánà onídíwọ̀n parí rẹ̀. Bí ẹ bá di ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó kan èkejì, puléètì lè wọ́.

Ọkọ̀ ò sítáàtì rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń tàn dáadáa tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wáyà áàtì tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀. Bí wọn ò bá dá a padà, iná tó pọ̀ tí sítátà ń fà á wá ọ̀nà mìíràn padà sí bátìrì, kébù kílọ́ọ̀ṣì sì lè di ọ̀nà náà. Kébù á gbóná, ike inú rẹ̀ á yọ́, pẹ́dàlì á sì le gbagidi. Ẹni tí kò mọ̀ á pààrọ̀ kébù, tuntun náà á tún jó. Nítorí náà, bí pẹ́dàlì oníkébù bá ṣàdédé le lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹ wo áàtì kí ẹ tó ra kébù.

Àwọn ọkọ̀ kan náà ní súìṣì lẹ́nu pẹ́dàlì tí kì í jẹ́ kí sítátà ṣiṣẹ́ àfi bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀.

Fọ́ọ̀kì ń rìn dáadáa, kò sí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ò já. Kí ló kù?

Ó ti di ọ̀rọ̀ inú. Bí ọkọ̀ bá ti jókòó fún ìgbà pípẹ́, ìpẹtà lè lẹ díìsì mọ́ fúláíwíìlì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa á, ẹ fi gíà sí kẹta, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀, kí ẹ wá fi sítátà gbé ọkọ̀ lọ síwájú díẹ̀ níbi tó ṣófo. Nígbà mìíràn á já pẹ̀lú ìró kan. Èyí lẹ lè gbìyànjú láìsọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ bá tú u, ohun tí ẹ ó wá nìyí: fọ́ọ̀kì tó ti fò kúrò lórí bọ́ọ̀lù tó ń gbé e, kílíìpù bíárìnnì tí wọn ò fi, àárín díìsì tó tẹ̀, díìsì tó nípọn ju tàtijọ́ lọ tàbí tí eyín rẹ̀ kì í ṣe ti ṣáàfù yín. Àwọn kílọ́ọ̀ṣì kan wà tí bíárìnnì wọn ń fa ìka sípíríǹgì dípò kó tì í. Nínú irú wọn, bíárìnnì gbọ́dọ̀ dún kẹ́kẹ́ wọ inú sípíríǹgì lẹ́yìn tí gíábọ́ọ̀sì bá ti wọlé. Bí kò bá wọ̀ ọ́, fọ́ọ̀kì á máa rìn lásán ni. Kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe náà ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tí a fi ń dì í. Bí a bá fi agbára bóòtù nìkan dì í, òrùka inú rẹ̀ lè ti yí kúrò nípò kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.

Ohun kan ṣì wà tí kò béèrè kí ẹ dé inú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fò: ẹ wo ògiri irin tí pẹ́dàlì so mọ́. Kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa wo sílíńdà òkè láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ògiri náà bá ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lú sílíńdà, ó ti sán. Ibẹ̀ ni apá kan nínú rírìn pẹ́dàlì ń ṣòfò sí, kò sì sí díìsì tuntun tó máa dá a padà.